Òòfà Olówó Gọbọi Nítorí Òfófó

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú àpò yín sílẹ̀."

Báyìí ni àbúrò mi obìnrin ṣe kí mi káàbọ̀ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ọba. Mo ti wọ bàálù wákàtí mẹ́fà, mo ti wọ rélùwéè wákàtí méjì, gàrí Ìjẹ̀bú àti èlùbọ́ tí ìyá wa dì fún un ṣì wà léjìká mi, ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ bá pàdé nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ọmọ náà ti di adigunjalè. Kọ́kọ́rọ́, ó gbà á. Fóònù, ó gbà á. Káàdì báǹkì, ó gbà á, ó ní òòfà tó wà nínú yàrá yẹn lè pa gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́. Ó wá wo àyà mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀:

"Wọn ò fi ẹ̀rọ kankan sí yín láyà, àbí? Èyí tó máa ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù?"

Mo ní ẹ̀rọ kankan ò sí láyà mi, gbẹ́rẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní gbẹ́rẹ́ ò ní wàhálà.

Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, mi ò lè kó gbogbo dúkìá mi fún ọmọ tí mo nu ikun imú fún rí. Aago ọwọ́ mi wà níbẹ̀, mo fa apá súwẹ́tà bò ó. A ó padà sórí aago yẹn.

Yàrá náà tutù, ó dákẹ́ bí ààfin lọ́jọ́ tí ọba wàjà. Láàárín rẹ̀ ni ohun kan wà tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, funfun báláú, ó sanra bí táǹkì omi tí àwọn onílé ń gbé sórí òpó, ó ga débi pé àkàbà ni wọ́n fi ń gun orí rẹ̀. NMR ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ "núkílíà" wà nínú orúkọ rẹ̀ ní kíkún, nítorí kókó inú átọ́ọ̀mù ló ń bá sọ̀rọ̀, kò bá bọ́ǹbù tan rárá. Àwọn dókítà tó ń lo ìbátan rẹ̀ láti ya àwòrán inú ara gbọ́n: wọ́n yọ "núkílíà" kúrò, wọ́n sọ tiwọn ní MRI, kí aláìsàn má baà fò bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tiwa ò yọ tiwọn. Wọ́n fẹ́ kí á máa bẹ̀rù wọn níbi ìkómọ.

Nínú ikùn àgbá yìí, wọ́n wé wáyà jọ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, wọ́n rì í sínú hílíọ́ọ̀mù olómi tí òtútù rẹ̀ fi ìwọ̀n Celsius 269 wà nísàlẹ̀ òdo. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, iná tí wọ́n bá tì sínú wáyà náà lẹ́ẹ̀kan kì í lọ mọ́. Á máa yípo láti ọdún dé ọdún, kò sí ẹni tó ń san owó rẹ̀, kò sí ẹni tó ń wá gé e lórí òpó. Èmi tí mo ti Nàìjíríà wá, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Iná tí kì í lọ! Mo bi àbúrò mi bóyá a lè fa okùn láti ibẹ̀ dé Iléṣà. Kò dá mi lóhùn.

Àmọ́ ọ̀mùtí paraku ni òòfà yìí. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń bu náítírójìn olómi fún un, lẹ́yìn oṣù mélòó kan á tún béèrè hílíọ́ọ̀mù. Bí wáyà inú rẹ̀ bá fi lè gbóná díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, inú á bí i bí ìyálé tí wọn ò bù lẹ́ran: gbogbo hílíọ́ọ̀mù á di afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lítà kan á di nǹkan bí 700, á máa hó yèè jáde láti orí rẹ̀, ẹni tó bá wà nínú yàrá á sì yára wá ẹnu ọ̀nà kó tó di pé kò rí nǹkan mí sínú. Èyí tí àbúrò mi ń lò, wọ́n ń pè é ní 600. Agbára rẹ̀ jẹ́ tesla 14.1, ó fi ìlọ́po tó lé ní 200,000 ju òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì lọ. Síbẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní 2020, wọ́n gbé èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ tesla 28.2 wọ ìlú Florence ní Ítálì, láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá fẹ́ rí onímọ̀ NMR tí omi ń lé lójú, ẹ kàn dárúkọ Florence sí i létí.

Kí ni wọ́n wá ń fi gbogbo agbára yìí ṣe? Wọ́n ń fi gbọ́ òfófó.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kókó inú átọ́ọ̀mù háídírójìn dà bí òkòtó tí ọmọdé ń ta. Ẹ mọ bí òkòtó ṣe máa ń ṣe: á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa fi orí júwe yípo bí ẹni tí ẹmu ń pa. Bí wọ́n bá gbé òkòtó wọ̀nyí sínú òòfà, àwọn kan á kọjú síbi tí òòfà kọjú sí, àwọn kan á kẹ̀yìn sí i. Ẹ ó rò pé òòfà tó lè já aago mọ́ èèyàn lọ́wọ́ yìí, gbogbo wọn ni yóò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Irọ́ gbáà. Nínú 100,000 háídírójìn, àwọn tó tẹ̀lé e fi nǹkan bí 5 péré ju àwọn tó kọ̀ ọ́ lọ. Márùn-ún! Mo ti rí ìbò alága àdúgbò tí wọ́n fi ìbò mẹ́ta wọlé rí, ilé ẹjọ́ la parí rẹ̀ sí. Àwọn wọ̀nyí fi márùn-ún nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ṣe ìjọba, wọ́n tún ń gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí. Wọ́n á fi ìgbì rédíò ta àwọn òkòtó náà lójijì, wọ́n á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ń padà sípò, wọ́n á máa kọrin fíntínfíntín, ẹ̀rọ á máa gbọ́. Háídírójìn tó jókòó ti ẹni báyìí, ohùn rẹ̀ á yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èyí tó jókòó ti ẹni tọ̀hún. Ibẹ̀ ni òfófó ti bẹ̀rẹ̀: láti inú ohùn, wọ́n á mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni.

Felix Bloch ní Stanford àti Edward Purcell ní Harvard ló kọ́kọ́ gbọ́ orin náà nínú omi àti nínú nǹkan líle, ní òpin 1945 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1946. Bloch dẹtí sí omi. Purcell ní tirẹ̀ dẹtí sí páráfínì, ìda tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, aráyé ń wá búrẹ́dì, àgbàlagbà méjì ń gbọ́ ohun tí omi àti àbẹ́là ń sọ. Wọ́n fún wọn ní Nobel ní 1952. Nílé wa, ẹni tó bá ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àbẹ́là, Aro ní Abẹ́òkúta ni wọ́n á mú un lọ, wọn ò ní bi í bóyá ó gbọ́ ọ dáadáa.

Láti orí àbẹ́là wọ́n bọ́ sórí ohun abẹ̀mí. Bàbá ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀ ni Kurt Wüthrich ti ilé ẹ̀kọ́ ETH ní Zürich, ọkùnrin tó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ eré ìdárayá kún ti kẹ́mísìrì. Ẹ wo purotéènì tí ó kọ́kọ́ fi NMR ya àwòrán rẹ̀ tán láàárín 1984 sí 1985. Gbogbo ayé ló ní purotéènì: ó wà nínú ẹyin, ó wà nínú ẹ̀wà, ó wà nínú wàrà tí Switzerland fi ń yangàn. Inú omi àtọ̀ akọ màlúù ni Wüthrich ti lọ mú tirẹ̀. Ẹ tún un kà, mi ò ṣì í kọ. Mo bi àbúrò mi bí wọ́n ṣe rí omi náà gbà lọ́wọ́ màlúù. Ó ní kí n jọ̀wọ́ béèrè ohun mìíràn.

Nígbà tí ó gbé àwòrán náà dé Munich ní Jámánì, wọn ò gbà á gbọ́. Ìbátan purotéènì yẹn kan wà tí àwọn oníkírísítà, àwọn tó ń fi X-ray ya purotéènì, ti ya tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọra, ni ọkàn àwọn kan bá ń sọ pé kì í ṣe pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí wo ìwé ẹni ẹ̀gbẹ́? Robert Huber, àgbà oníkírísítà, ló parí ẹjọ́ náà bí ìyá arúgbó ṣe ń parí ìjà ọmọ méjì. Ó mú purotéènì tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ojú rẹ̀, tendamistat, ó ní kí kálukú lọ yà á ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀, òun á lo X-ray, Wüthrich á lo NMR. Wọ́n yà á tán, wọ́n gbé méjèèjì síwájú ara wọn. Ó bára mu wẹ́kú. Ẹnu wọhò ní Munich. Ní 2002 ni Wüthrich gba Nobel tirẹ̀, àmọ́ títí dòní, àwọn oníkírísítà ò tíì yéé fojú àbúrò wo NMR.

Ẹ jẹ́ ká fi màlúù sílẹ̀, ká kan adìyẹ, torí ọ̀dọ̀ adìyẹ ni ohun tí àbúrò mi ń ṣe ti wá. Ní 1911, ní New York, Peyton Rous mú omi tó sẹ́ lára kókó àrùn jẹjẹrẹ adìyẹ kan, ó fún adìyẹ mìíràn lábẹ́rẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà yọ kókó. Kòkòrò àìfojúrí kan ló wà nínú omi náà. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ títí di 1966 kí wọ́n tó fún un ní Nobel, bàbá ti di ẹni ọdún 87. Ọdún 55 lórí gbèsè adìyẹ kan! Àwọn òṣómàáló ilé wa ì bá ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà Stockholm tipẹ́.

Purotéènì tí kòkòrò náà fi ń da adìyẹ láàmú ni wọ́n pè ní Src. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa lẹ fọ́sífeètì mọ́ ara purotéènì mìíràn lọ, lórí tyrosine, ọ̀kan lára àwọn amino acid tí wọ́n so pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n láti di purotéènì. Ẹ ò ní mọ bí wọ́n ṣe rí i pé orí tyrosine ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tony Hunter ni, ní ilé ìwádìí Salk ní California, ní 1979. Ó yẹ kó po omi tuntun fún iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀lẹ ò jẹ́. Ó lo omi àná tó ti wà nílẹ̀, omi náà sì ti kan díẹ̀ sí i. Kíkan yẹn ló ya tyrosine tó gbé fọ́sífeètì sọ́tọ̀ kúrò lára àbúrò rẹ̀ tó máa ń sá pamọ́ sí lẹ́yìn. Ká ní Hunter jẹ́ ọmọ tó gbọ́ràn sí olùkọ́ lẹ́nu, kì bá tí rí i. Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi nílé, láti ọjọ́ náà wọn ò fọ abọ́ mọ́.

Ó wá ku ẹni tí fọ́sífeètì ń bá sọ̀rọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ara wa ò ní fóònù, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́: ìròyìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á lẹ fọ́sífeètì mọ́ ẹni tó gbà á, ẹni kejì á rí i, á sáré sọ fún ẹni kẹta, títí yóò fi dé inú yàrá níbi tí wọ́n ti ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì pín sí méjì. Ní 1986, ní Kánádà, Tony Pawson àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí abala purotéènì kan, nǹkan bí 100 amino acid, tí wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé òun ni ojú tó ń ka àrokò ọ̀hún. Ẹ fojú inú wo ẹnu géètì níbi ìgbéyàwó. Fọ́sífeètì ni aṣọ ẹbí. Abala yìí ni àbúrò ìyàwó tí wọ́n fi ṣọ́ géètì: bí o ò wọ aṣọ ẹbí, kò mọ̀ ọ́ rí. Bí o tilẹ̀ wọ̀ ọ́, kò tíì tán. Ó ń yọjú wo ẹni kẹta tó tò sẹ́yìn rẹ bóyá ìyẹn náà jẹ́ ará ilé. Ó tó 110 purotéènì nínú ara èèyàn tó ní irú olùṣọ́ géètì bẹ́ẹ̀.

Ohun ẹlẹ́wà báyìí, kí ni wọ́n sọ ọ́? SH2. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Ìbátan Src, Ẹlẹ́ẹ̀kejì." Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé orúkọ ọmọ nìyẹn? Ìdílé tó ń sọ ọmọ ní Àjọkẹ́, Àbẹ̀ní, Àkànjí wà láyé, ẹ ń sọ ọmọ ní "Ẹlẹ́ẹ̀kejì tó jọ ti Adìyẹ." Abala mìíràn wà, nǹkan bí 60 amino acid, tó ń dì mọ́ ibi tí amino acid proline bá pọ̀ sí. Ẹ má tíì sọ, mo mọ̀ pé ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀. SH3. Purotéènì Sos sì tún ńkọ́? Ìkékúrú "Ọmọ Aláìní-Keje" ni, orúkọ tí wọ́n mú láti ara ẹbí eṣinṣin kan tí sẹ́ẹ̀lì keje kò sí nínú ẹyinjú rẹ̀. Ẹ ò ṣe kúkú wá bá wa yá ẹni tí yóò máa bá yín sọmọ lórúkọ?

Ọ̀kan tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Grb2. Ọwọ́ mẹ́ta ló ní: SH3, SH2, SH3. Lẹ́yìn ọwọ́ mẹ́ta yẹn, kò ní nǹkan kan. Kì í gé, kì í lẹ̀, kì í sè. Ó fi SH2 rẹ̀ di ẹni tó wọ aṣọ ẹbí lẹ́nu ọ̀nà mú, ó fi SH3 rẹ̀ fa Sos wá, Sos jí purotéènì Ras, Ras figbe ta, sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Alárinà pọ́ńbélé. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ Grb2 délẹ̀délẹ̀; kò tajà, kò ṣiṣẹ́, kò sì sí ìgbéyàwó tí kò jẹ́ pé òun ló so ó pọ̀.

Àbúrò mi wá jẹ́wọ́ àléébù kan fún mi: òòfà wọn kò lè jẹ purotéènì ńlá. Purotéènì tó bá tóbi, ṣe ló máa ń yí gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ nínú omi bí alára ńlá tó ń jó níbi òkú, ohùn rẹ̀ á wúwo, á sì parẹ́. Ní 1997, Wüthrich àti Konstantin Pervushin rí ọgbọ́n kan dá sí i, TROSY, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣì ń fẹ́ ẹran tó ti gé sí wẹ́wẹ́. Ni wọ́n bá ń gé abala kan kúrò lára purotéènì, wọ́n á máa fi òun nìkan ṣe ìwádìí. Mo ní irú ìwà wo nìyẹn, ẹni tó fẹ́ mọ agbèrò, ṣé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò gé gbé wálé? Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, àti pé ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ọwọ́ tí wọ́n gé náà ṣì ń gbowó. SH2 tí wọ́n gé kúrò lára Src tàbí ìbátan rẹ̀ Abl, bí ẹ bá fi sínú omi lóun nìkan, tí ẹ sì gbé fọ́sífeètì orí tyrosine kọjá, ó ṣì ń dì í mú. Mo rántí àwọn agbèrò kan. Mo gbà fún un.

Ẹ má rò pé ìrọ̀rùn ni rírí ọwọ́ náà gbà o. E. coli, kòkòrò inú ìfun, inú ìgbẹ́, òun ni wọ́n fi ṣe alásè. Náítírójìn tí à ń mí ò dára fún òòfà, oríṣi kejì tó wúwo díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, 15N, èyí tí kò tó 1 nínú 100 lára gbogbo náítírójìn ayé. Kábọ́ọ̀nù náà, 13C ni wọ́n ń fẹ́, òun jẹ́ nǹkan bí 1 nínú 100. Nítorí náà wọ́n ń ra ṣúgà tí gbogbo kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ oríṣi yìí, wọ́n ń fi gíráàmù wọ̀n ọ́n bíi wúrà, wọ́n sì ń gbé e fún kòkòrò ìgbẹ́. Lọ́jọ́ tí mo dé, kòkòrò wà nínú yàrá olóoru níbi tí wọ́n ti ń mì wọ́n lójú oorun, wọ́n ń jẹ ṣúgà wúrà. Àbúrò mi ń mu gàrí. Ó tún wò mí tìyanutìyanu nígbà tí mo ní kó bu ṣúgà yẹn sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ jálẹ̀ sí ìdajì mìlílítà omi, nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò nípọn tó pẹ́ńsù. Ìyá wa rí i lórí fídíò fóònù.

"Kí nìyẹn?"

"Purotéènì ni, Mà."

"Omi yẹn ni o ń sè láti ìgbà Àjíǹde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ó dáa. Ṣé o ti rí ọkọ?"

Ìgò náà wọ inú òòfà láti òkè, atẹ́gùn gbé e sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wá kan títún òòfà ṣe kó dọ́gba níbi gbogbo tí omi wà. Ó ń yí bọ́tìnnì, ó ń tẹ́tí, ó ń yí i padà, àfi bí onílù tó ń fa osán gángan tí ohùn rẹ̀ kò tíì wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti sún mọ́ ìdí àgbá náà kí n lè ríran dáadáa. Mo gbé apá lé e.

Àwòrán jáde lórí kọ̀ǹpútà lálẹ́. Mo ti ń retí ohun tó dà bí èèyàn. Ohun tí mo rí ni tótòtó, tótòtó, bí ara ẹtù. Ó ní tóótó kọ̀ọ̀kan jẹ́ amino acid kan, ó ń gbọ́ ohùn háídírójìn àti náítírójìn rẹ̀ pọ̀. Mo bi í pé proline dà, nígbà tó jẹ́ pé òun ni SH3 fẹ́ràn jù. Ó ní proline kì í yọ nínú àwòrán yìí, torí kò ní háídírójìn lórí náítírójìn tirẹ̀ bó bá ti wà nínú ẹ̀wọ̀n purotéènì. Ẹ gbọ́ o: àlejò pàtàkì tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe àríyá, òun nìkan ni kò sí nínú fọ́tò!

Ó wá ń ro ẹni tó wọ aṣọ ẹbí sí i, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, ìyẹn purotéènì kékeré tó gbé fọ́sífeètì. Ó tún àwòrán yà lẹ́yìn ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ó gbé pupa lé búlúù. Ọ̀pọ̀ tóótó dúró sójú kan. Díẹ̀ ń sún. Ọmọ náà fò sókè: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wò ó! Ẹ wo arginine yẹn! Ó ti kúrò níbẹ̀!"

Ohun tó yé mi nìyẹn, ohun tó sì jẹ́ kí n dárí jì í lórí ọ̀rọ̀ ṣúgà. Níbi ìkómọ, bí obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò pè bá yọ lẹ́nu géètì, ẹ má wo ẹnu àwọn èèyàn, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ wo ìdí wọn lórí àga. Ẹni tó bá sún, ó mọ nǹkan nípa obìnrin náà. Òòfà tó ń mu hílíọ́ọ̀mù, wáyà tí iná rẹ̀ kì í lọ, ìdí àga ni gbogbo wọn ń ṣọ́. Amino acid arginine yẹn wà nísàlẹ̀ ihò SH2, òun ló ń fọwọ́ gbá fọ́sífeètì mú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí fi yé wọn ní 1992, ọdún tí gbogbo wọn sáré dé lẹ́ẹ̀kan náà: David Cowburn àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ fi NMR ya SH2 ti Abl ní ilé ẹ̀kọ́ Rockefeller ní New York, Iain Campbell àti tirẹ̀ ya ti purotéènì p85 ní Oxford. Ní Rockefeller kan náà yẹn, John Kuriyan fi kírísítà ya ti Src. Mo ń ro ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ nígbà tí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn.

Torí ìjà orogún ló wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Oníkírísítà á ní fọ́tò tòun mọ́ kedere. Ó mọ́ lóòótọ́, bíi fọ́tò ìwé ìrìnnà: ojú le, ọrùn nà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. NMR ní tirẹ̀ ń gbọ́ purotéènì nínú omi níbi tó ti ń mira, ó mọ apá tó ń jó àti èyí tó jókòó. Àmọ́ bi í pé báwo ni ojú ẹni náà ṣe rí. Á gbé ogún àwòrán jáde! Ogún, fún purotéènì kan ṣoṣo, ó ní gbogbo rẹ̀ ló bá ohun tí òun gbọ́ mu. Bí ọlọ́pàá bá ní kí o júwe olè, tí o ya ogún ojú, ìwọ gan-an ni wọ́n á tì mọ́lé.

Mo fẹ́ dá wọn lóró tán pátápátá, àmọ́ Src ò jẹ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó pé, Src máa ń fi SH2 rẹ̀ di ìrù ara rẹ̀ mú, fọ́sífeètì kan wà lórí ìrù náà tó fi ń dì í. Bó bá ti dì í mú báyìí, ó jókòó jẹ́jẹ́ nìyẹn, kò lẹ nǹkan mọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó wà nínú kòkòrò Rous, ìrù rẹ̀ ti gé. Kò rí nǹkan dì mú, kò sì jókòó mọ́ láéláé. Gbogbo wàhálà adìyẹ 1911, ìrù ni. Ìbátan rẹ̀ Abl náà, bí ó bá ṣèèṣì so pọ̀ mọ́ purotéènì Bcr nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, á di òṣómàáló: á lóṣòó, kò ní dìde, a ó wá máa pè é ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Imatinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, ló ń mú un dìde. Ilé Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn láti ìpínlẹ̀ kiri ní Nàìjíríà ti lọ gba oògùn yẹn, nílé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Kì í ṣe NMR ló ṣe é o. Mo rí i tí àbúrò mi ń múra láti gba ìyìn. Èyí tí wọ́n lè dúró sí ni ti Stephen Fesik ní ilé iṣẹ́ Abbott: ní 1996, ó fi NMR wá èròjà méjì tí kálukú wọn ń di purotéènì mú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó wo bí tóótó ṣe ń sún, ó so méjèèjì pọ̀, ó wá di ohun tí kò ṣeé já. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n tọ̀ débi tí venetoclax fi jáde ní 2016 fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbàgbé rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ló lù, Fesik ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọ̀rọ̀ aago ọ̀hún. Mo dé ilé tán ni mo tó mọ̀ pé tèmi ti dúró ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìgbà tí mo gbé apá lé àgbá gẹ́lẹ́. Mi ò lè sọ fún ọmọ náà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe ní Iléṣà. Ó pààrọ̀ bátìrì, kò lọ. Ó tú u, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kàn án, nǹkan kékeré inú rẹ̀ fò mọ́ irin náà, kò jábọ́ mọ́. Ó gbójú sókè wò mí.

"Bàbá, ta lẹ ṣẹ̀?"

Mo ní mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, òòfà ni.

"Irú òòfà wo?"

"Èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ ohun tí ọwọ́ purotéènì ń sọ."

Ó rọra dé aago náà padà, ó ka owó mi lé mi lọ́wọ́, náírà kan ò dín, ó sì ní kí n bá òun fa ilẹ̀kùn dé bí mo bá ń jáde.